Irin Inú Itan Mádáríkàn

Ọjọ́ tí wọ́n sin Òkìkíolúwa ni wọ́n jó ilé ìwòsàn ajá tí Dókítà Vivian Adéjọbí dá sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí erùpẹ̀ ibojì ọmọ náà gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ Igbotako gun ọ̀kadà wá sí Okitipupa lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n da bẹntiróòlù sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń pariwo pé omi lásán ni obìnrin náà ń fà sínú abẹ́rẹ́ tó fi ń gún àwọn ajá àwọn. Kí àwọn ọlọ́pàá tó dé, fíríìjì tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ti bú gbàù, káàdì gbogbo ẹranko tó ti tọ́jú rí sì ti di eérú. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni wọ́n gbà fa òun fúnra rẹ̀ yọ, wọ́n sì gbé e lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bò ó ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ààbò ti di àtìmọ́lé.

Lójú gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ náà kò ní kọ́lọ́fín kankan. Mádáríkàn, ajá ilé Benedict Àjíṣafẹ́ ní Igbotako, bu Òkìkíolúwa, ọmọ ilé náà, jẹ, ọmọ ọdún méje. Ìyá ọmọ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bi í bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà Adéjọbí ló gún un. Nítorí náà wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n fún un lóògùn, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa ṣọ́ ajá náà. Ọgbẹ́ jinná, ọmọ padà sílé ìwé, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àìsàn dìgbòlugi gbé e dè, àìsàn yẹn kì í sì í gbé èèyàn kó sọ ọ́ kalẹ̀ láàyè.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Sàídátù Rùfáì ni Dípíò, ọ̀gá tẹ́ṣàn náà, fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá ẹni tí kò fẹ́ràn ajá ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òun ni wọn ì bá kọ́kọ́ mú. Ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlútítun, ajá kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, kó má baà ba àlùwàlá àwọn àgbà jẹ́. Títí di òní, tí ajá bá gbó lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ni ó máa ń fò bí ọmọdé, tí yóò sì máa wo yíká bóyá ẹnì kan rí òun.

Dípíò ní, "Rùfáì, ọjọ́ Ajé la máa gbé e lọ sí kóòtù. Kọ ọ́ kó ṣe ṣókí. Ó fi abẹ́rẹ́ ayédèrú gún ajá, ọmọ èèyàn kú. Ó parí."

"Ọ̀gá, ṣé ẹnì kankan ti yẹ ajá náà wò?"

"Ajá tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti sin? Kí lo fẹ́ bi í?"

Inú Sàídátù kò dùn sí i. Tí dókítà yìí bá wọ kóòtù lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é, ìwé àṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ yóò sì lọ. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ti pa irọ́ níbì kan. Kò kàn tíì mọ ẹni tó pa á ni.

Nígbà tí wọ́n mú Vivian wọlé, òórùn èéfín ṣì wà nínú irun rẹ̀. Sàídátù na ọwọ́ sí àga.

"Ẹ jókòó, Dókítà."

"Mo ti ń jókòó láti àná." Ó dúró gbagidi.

"Ṣé omi lẹ fi gún àwọn ajá náà?"

"Rárá."

"Oògùn tó ti bàjẹ́ ńkọ́?"

Vivian gbójú sílẹ̀. "Ìyẹn ni mo ti ń bi ara mi láti àná. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí iná ṣe rí nílùú yìí. Oòrùn ni fíríìjì mi ń jẹ, òjò sì rọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tí mo lọ sí Igbotako. Tí oògùn náà bá gbóná jù, ó ti kú nìyẹn. Mo wò ó, ó tutù. Ṣùgbọ́n bóyá n kò wò ó dáadáa. Bóyá èmi náà ni mo pa ọmọ yẹn."

Inú bí Sàídátù. Afurasí tó bá ń jà, tó ń ṣépè, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lò. Èyí tó ń bá ọlọ́pàá di okùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn ni kò lè fara dà.

"N kò bi yín ní bóyá. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún mi. Kí ló tiẹ̀ gbé yín dé ìdí ajá?"

Vivian wá jókòó. Ó ní ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ lòun, pé ìdí tóun fi mú iṣẹ́ náà kò le rárá. Nígbà tóun wà ní kékeré, dìgbòlugi pa ọmọbìnrin kan tí àwọn jọ ń pọn omi, wọ́n so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé dókítà ẹranko ni, àwọn àǹtí rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ náà ní kó dojú kọ màlúù àti adìẹ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ó ní ajá àti ológbò lòun fẹ́. Ó lọ sí Èkó, ó ń tọ́jú ajá àwọn olówó, ajá tó ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹranko kékeré tí wọ́n sì ń to eegun rẹ̀. Nígbà tó mọ iṣẹ́ náà dunjú tán, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà wálé. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń gbé àpótí yìnyín kiri láti Okitipupa dé Ìrèlè, tó ń gún ajá àwọn èèyàn tó ń pè é ní Ìyá Ajá lẹ́yìn.

"Mádáríkàn ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀kadà ló kọ lù ú, eegun itan rẹ̀ kán sí méjì. Wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ dọbẹ̀ kí Ìyá Òkìkí tó gbé e wá bá mi nínú agbọ̀n. Mo ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú eegun náà láti fi so ó pọ̀. Mo sọ fún wọn pé yóò máa tiro títí yóò fi kú, torí eegun náà ti kúrú, ṣùgbọ́n yóò yè. Lọ́jọ́ tí mo sì lọ gún àwọn ajá àdúgbò wọn, òun ni mo kọ́kọ́ gún. Ó ń lá mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń gún un lọ." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí kan náà."

Ló bá bú sẹ́kún. Sàídátù jẹ́ kó sunkún, ó sì dìde lọ wá Sájẹ́ńtì Joel àti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Igbotako dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sàídátù tó mọ ohun tó sọnù. Kò sí ajá kan tó gbó wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn èèyàn ti ń lu gbogbo ajá pa, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà. Ẹni tó ń bẹ̀rù ajá láti kékeré yẹ kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn kó jìnnìjìnnì bá a.

Susan, ìyá Òkìkíolúwa, jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Sàídátù kí i kú ọ̀fọ̀, ó jókòó tì í.

"Ẹ má bínú pé mo tún wá dà yín láàmú. Ta ló sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́?"

"Èmi ni! Èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọma mi o!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. "Mo gbọ́kàn lé obìnrin yẹn, Madam. Èmi ni mo jẹ́rìí nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi bímọ sí Ṣàgámù, mo lọ bá a wẹ ọmọ, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo máa dé, Mádáríkàn ń sáré bí ẹtu! Ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán! Mo kọrin, mo jó. Mo sọ fún gbogbo ayé pé Ọlọ́run ló rán dókítà yìí sí wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn há Sàídátù lọ́fun bí eegun ẹja. Kó tó lanu, Benedict jáde sí wọn láti ẹ̀yìn ilé, aṣọ iṣẹ́ tí epo pupa ti bà jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò kí wọn.

"Kí lẹ tún ń bi í? Ẹni tó pa ọmọ wa ṣebí ó wà lọ́wọ́ yín."

"Bàbá Òkìkí, ibo ni ajá náà wà?"

"Mo ti pa á lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sin ín sẹ́yìn ibi tí a ti ń fún epo."

"Ẹ dá a sin?"

"Èmi nìkan." Ó yíjú kúrò.

Wọ́n ń padà síbi mọ́tò nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan juwọ́ sí wọn láti ojúlé kejì. Láyí ni wọ́n ń pè é. Ó fà wọ́n wọ yàrá tó ń kó ẹ̀gẹ́ sí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọma mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àghan ará ìta gbọ́. Ghan á pa wọ́n."

Ajá méjì dìde láti inú òkùnkùn. Sàídátù fò sẹ́yìn, ó tẹ Joel lẹ́sẹ̀. Àwọn ajá náà kò gbó. Wọ́n kàn ń ju ìrù bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ọ̀kan ní àpá lọ́rùn, èkejì ní tirẹ̀ létí.

Láyí ní, "Ajá Benedict ló bù wọ́n jẹ báyìí, lọ́jọ́ tó bu ọma jẹ. Ó bu òbúkọ mi náà jẹ. Òbúkọ ya wèrè, ó ń fi orí gbá ògiri títí ó fi kú. Àghan wọ̀nyí rèé, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Ta ló fún wọn lábẹ́rẹ́?"

"Dókítà kan náà ni! Mo dúró tì í. Bó ṣe gún ajá Benedict tán, inú ìgò yẹn náà ló ti fa ti àwọn wọ̀nyí."

Sàídátù gbàgbé ìbẹ̀rù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpá náà fínnífínní. Láti òwúrọ̀ ló ti ń rò ó pé fíríìjì ló gbóná tí oògùn fi bàjẹ́, Vivian fúnra rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí oògùn inú ìgò yẹn bá ti kú, àwọn ajá wọ̀nyí ì bá ti tẹ̀lé òbúkọ. Oògùn náà dára. Báwo wá ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gún ṣe ya dìgbòlugi?

Nínú mọ́tò, ìbànújẹ́ mìíràn ló wà lọ́kàn Joel. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni, ọdún díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì, oúnjẹ kì í sì í kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Odidi ajá! Wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ sin ín! Ní Igbotako níbí! Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Kódà tí ajá bá jí ẹran jẹ tí wọ́n lù ú pa, ìkòkò ló ń wọ̀."

"Joel, dá ọkọ̀ dúró."

"Ọ̀gá?"

"Tún ohun tó o sọ yẹn sọ."

Ó tún un sọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ti ṣẹ̀. Sàídátù ń mi orí. "Ajá tí dókítà ti gún lábẹ́rẹ́, tí gbogbo ilé gbà pé ara rẹ̀ dá. Ó bu ọmọ jẹ, bàbá ọmọ bínú pa á. Kí ló dé tí kò jẹ ẹ́? Kí ló dé tí kò gbé e fún àwọn tó máa jẹ ẹ́?"

Joel fọwọ́ họ orí. "Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ṣeé jẹ."

"Báwo ló ṣe mọ̀? Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Nílé ìwòsàn wọn ò mọ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé ajá yẹn lè ya wèrè. Dókítà sọ pé Mádáríkàn yóò tiro títí yóò fi kú, ìyá ọmọ ní ó ń sáré bí ẹtu. Joel, irin kì í sọ eegun tó ti kúrú di gígùn. Yí ọkọ̀ padà, kó o sì wá ṣọ́bìrì kan."

Ẹ̀yìn àtíbàbà ìfúnpo ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ náà. Sàídátù fi ìborùn rẹ̀ di imú. Benedict dúró lókèèrè, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ nítorí èérí ẹyìn, ó sì ti jẹ ẹran ara tán. Egungun ló kù, àti bẹ́líìtì ọrùn kan tó pupa tẹ́lẹ̀. Joel gbé eegun itan méjèèjì sórí ewé kókò, ó fi omi ṣàn wọ́n. Wọ́n gùn dọ́gba, wọ́n sì dán. Kò sí ibi tí ọ̀kankan ti kán rí, kò sì sí irin nínú wọn.

"Irin náà lè ti jẹrà," Benedict sọ láti ibi tó wà. Kò sí ẹni tó bi í.

"Ta ló sọ fún yín pé irin là ń wá, Bàbá Òkìkí?"

Ojú rẹ̀ ràn kankan. Ó yí padà, ó wọ inú igbó ọ̀pẹ lọ. Joel fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, Sàídátù ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ibo ló ń sá lọ? Láyí, tó ń yọjú lókè ògiri, ló sọ èyí tó kù fún wọn: Philemon ní Iyansan ni Benedict máa ń bá ṣọdẹ, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti bí Mádáríkàn.

Philemon jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, nítorí náà kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Àṣé torí ajá lẹ ṣe wá! Àwa méjèèjì la ṣe pàṣípààrọ̀, Madam. Ìyá kan náà ló bí wọn, ọjọ́ kan náà. Àfi tí wọ́n bá rìn lẹ fi máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó ní tòun ń tiro, kò ṣeé mú wọgbó, àwọn ọdẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ò sì ní gbà kó pa á, nítorí náà ó dúró kí ìyàwó rìnrìn àjò. Ó tú bẹ́líìtì ọrùn tirẹ̀, ó so ó mọ́ tèmi lọ́rùn, ó ní, 'Ìwọ ni Mádáríkàn láti òní lọ.' Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Tí ajá kan bá lọ, èyí tó bá dé ló ń jogún orúkọ."

"Tiyín yẹn, ṣé ó gba abẹ́rẹ́ rí?"

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ajá oko!"

"Èyí tó ń tiro dà?"

Philemon tún rẹ́rìn-ín. "A jẹ ẹ́ nígbà Kérésì. Nǹkan kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká mi léyín nínú itan rẹ̀, ẹ wò ó." Ó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú ògiri, irin dídán tó gùn tó ìka àárín. "Òun ni mo fi ń nu ihò ìbọn mi. Kì í dípẹtà rárá! Àwọn òyìnbó gbọ́n."

Sàídátù gbà á. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹjọ́ ti yanjú, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ọjọ́ Ajé pé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rò ni obìnrin tó jó ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Òun ni yóò lọ sọ fún un pé nítorí ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ fi kú. Ó wọ mọ́tò láì dágbére fún Philemon.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Benedict fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí tẹ́ṣàn, Susan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Benedict ti wọnú. Joel fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Sàídátù gbé irin náà sórí tábìlì.

Susan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí nìyẹn?"

"Irin tí Dókítà fi sí itan Mádáríkàn. Iyansan la ti rí i." Sàídátù kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ajá tẹ́ ẹ bá nílé nígbà tẹ́ ẹ ti Ṣàgámù dé, kì í ṣe òun."

Susan wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Mo ní màá sọ ọ́," ni Benedict wí. "Nígbà tí Ìyá Òkìkí dé láti ilé ìwòsàn, tó ń dúpẹ́ pé ajá ti gba abẹ́rẹ́, mo ní lálẹ́ ni màá sọ ọ́. Nígbà tó di alẹ́, mo ní ó di ọ̀la. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ń bà mí. Nígbà tó yá, ọgbẹ́ jinná, Òkìkí ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí."

Sàídátù ní, "Ẹ mọ̀ pé wèrè ti mú ajá náà. Ẹ ò jẹ́ jẹ ẹ́."

"Mo fura sí i. N kò mọ̀."

"Ẹ sì wò wọ́n níran nígbà tí wọ́n ń lọ jó ilé obìnrin yẹn."

Dípíò, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́ ikọ́ méjì, ó ní kí wọ́n tú dókítà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ náà ṣe parí. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Vivian wọlé, Sàídátù ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó fi kún un pé ó ti dòmìnira. Vivian bi í pé, "Láti lọ síbo?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Dókítà wá kọjú sí Benedict, gbogbo yàrá sì ń retí èébú.

"Bàbá Òkìkí, báwo lẹ ṣe pa ajá yẹn?"

"Igi ni mo fi lù ú."

"Ṣé eyín rẹ̀ kàn yín?"

Benedict fi ọwọ́ tí wọ́n dè fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá kékeré kan wà lókè ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti jinná tipẹ́.

"Ṣé ẹ lọ gba abẹ́rẹ́?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè? Wọn á ní ṣebí ajá yín ti gbà á."

Sàídátù wo àpá náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí kò lè sọ, òun ni ì bá gba ọmọ là, òun náà ni ì bá gba bàbá.

"Apá náà ńkọ́ báyìí?"

"Ó ń yún mi láti ìjẹta. Bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. N kò sì rí oorun sùn."

Vivian ní kí Joel fún òun lómi. Joel ya ọ̀rá omi kan sínú ife. Vivian gbé e fún Benedict pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn ń fún àlejò.

"Ẹ mu díẹ̀."

Ó gbà á. Ife náà kò tíì dé ẹnu rẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ fi fún pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ jí gìrì, ó sì ju ife náà sórí tábìlì. Ó wo omi tó ń ṣàn lọ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ gbé. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "N kò mọ ohun tó ṣe ọ̀fun mi."

Benedict wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i níbẹ̀ pé ohun tó pa ọmọ òun ti dé bá òun náà.

"Dókítà," ó kúnlẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ń dún. "Ẹ̀yin lẹ ni abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ dárí jì mí, ẹ gún mi ní ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ fi gún àwọn ajá yẹn náà ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Kí àìsàn tó dé ló ń ṣiṣẹ́, Bàbá Òkìkí."

"Ó ti dé?"

Vivian mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ tí àpá wà mú. Ohun mìíràn kò sí tó lè ṣe. Sàídátù wá nǹkan tí òun náà lè ṣe, kò rí i, ló bá yọ kọ́kọ́rọ́, ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà.

Susan kúrò lára ògiri. Joel rò pé yóò lu ọkọ rẹ̀, ó sì sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Susan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu omi orí tábìlì gbẹ, ó gbé ife àti ọ̀rá omi tó ṣẹ́kù jáde, ó padà wá ti fèrèsé, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀ níta.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó rí omi. Òkìkí ò fẹ́ rí i rárá, ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń kú."

Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, kò sì jáde.